Mo da Coke lu wisikí Írẹ́lándì níwájú ẹni tó fún mi: ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mu ún

Kọ́lá Drogheda

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Bàbá Írẹ́lándì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ló fẹ̀yìn tì lóṣù tó kọjá. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Drogheda, òun ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ síbi iṣẹ́ nígbà òtútù, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí. Nígbà tó ń lọ, ó pè mí wá sílé, ó fún mi ní ìgò wisikí kan tí àwòrán ẹyẹ kékeré aláyà pupa wà lára rẹ̀, Redbreast 12. Ó ní ká jọ ṣí i. Ó bu tèmi, ó bu tirẹ̀. Mo rí Coke tí ìyàwó rẹ̀ gbé sórí tábìlì fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn, ni mo bá gbé e, mo dà á lé e lórí títí ife fi kún, bí a ṣe máa ń ṣe lóde àríyá n'Íbàdàn. Bàbá ò sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fà ro bí ojú ẹni tí wọ́n da iyọ̀ sí tíì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló bú sẹ́rìn-ín.

Ìgò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ohun tó kù nínú rẹ̀ ju ìdajì lọ. Mo fẹ́ pe bàbá náà wá jẹun nílé mi níparí oṣù, mo sì fẹ́ mọ nǹkan tí mò ń mu kí n tó jókòó tì í. Kí ló yà á sọ́tọ̀ sí wisikí yòókù? Kí ni «single pot still» tí wọ́n kọ sára ìgò? Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ẹnu mi? Ká sòótọ́, gbogbo ọtí líle pátá, iná ni mo mọ̀ wọ́n sí. Ẹ má sì ní kí n lọ ra ìgò mẹ́wàá o, owó ilé ń dúró dè mí.

Bàbá Rísì, Peckham

Ìwọ ọmọ yìí, o pa mí lẹ́rìn-ín. Ọtí ta ni? Wọ́n ti fún ọ, ó ti di tìrẹ, bó o bá fẹ́ kó o fi po ẹ̀kọ. Láti 1994 ni èmi ti ń da ginger ale lu Jameson ní Peckham níbí, ẹnì kan ò tíì kú.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ká mọ àgbà nínú wọn ni, Bushmills ni kó o wá lọ. 1608 ló wà lára ìgò rẹ̀, lọ wò ó. Ọtí tó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, kò sí ìbéèrè nínú ẹ̀ mọ́.

Àdùnní Ọmọ Ìlàjẹ

Kọ́lá, o kú ilé o. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bu ọtí fún oníbàárà lẹ́yìn káńtà ní Dublin, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Liberties, mo sì ti rí irú ojú tí bàbá yẹn ṣe lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ bàbá. Kò bínú sí ọ. Ohun tó ṣe é ni ohun tí yóò ṣe ìwọ náà bó o bá gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì síwájú àlejò, tí àlejò sì ní kí wọ́n bá òun bu kẹ́ṣọ́ọ̀pù wá.

Èmi ò ti ilé wisikí wá o. Ìyá tó bí màmá mi, ògógóró ló ń sè l'Ìlàjẹ. Wọ́n á kó ẹmu ògùrọ̀ jọ, wọ́n á jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á dà á sínú dúrọ́ọ̀mù lórí iná. Páìpù á ti orí dúrọ́ọ̀mù gba inú omi tútù kọjá, oru ọtí á di omi nínú rẹ̀, á wá máa kán sínú ìgò. Ẹ̀kán àkọ́kọ́, màmá àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ ọ wò. Ó ní ti ilẹ̀ ni. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wa kó wa lọ wo ibi tí wọ́n ti ń pọn wisikí, ọkùnrin tó ń mú wa káàkiri ní àwọn náà máa ń ya ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí sọ́tọ̀, pé àárín nìkan ni àwọn ń gbé lọ sínú àgbá. Ẹ̀rín pa mí débi pé ó bi mí bóyá òun ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni. Ìkòkò bàbà ràgàjì ni tiwọn, dúrọ́ọ̀mù tó ti gba epo rí ni ti màmá àgbà, iṣẹ́ kan náà ni.

Ibi tí ọ̀nà ti pínyà ni pé ọkà ni tiwọn. O mọ bí àwọn aláṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ṣe máa ń rẹ àgbàdo kó lè hù, kí wọ́n tó sá a, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń mú ọkà bálì hù níbí, òun ni mọ́ọ̀tì. Bó bá jẹ́ kìkì mọ́ọ̀tì bálì ni wọ́n sè nínú ìkòkò bàbà, nínú ilé ìpọntí kan ṣoṣo, single malt nìyẹn. Skọ́tlándì ní in, Japan ní in. Ṣùgbọ́n single pot still tó wà lára ìgò rẹ, ọmọ bíbí Írẹ́lándì ni. Wọ́n á po bálì tó hù mọ́ bálì tí kò hù. Òfin ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn má dín ní 30 nínú 100. Má jẹ́ kí «single» yẹn tàn ọ́ jẹ, kì í ṣe àgbá kan ló ń sọ, ilé ìpọntí kan ló ń sọ.

O fẹ́ mọ ohun tó sọ àpòpọ̀ yìí di àṣà wọn? Owó orí. Ní 1785 ìjọba bu owó orí lé bálì tó hù. Àwọn tó ń pọntí wò ó wò ó, wọ́n ní ṣé èyí tó hù nìkan lẹ ń gbowó lé? Ó dáa. Ni wọ́n bá ń da èyí tí kò hù mọ́ ọn lọ́pọ̀ yanturu. Wọ́n ń sá fún agbowó-orí ni o, àmọ́ adùn ni wọ́n sá lọ bá, nítorí bálì tí kò hù yẹn ló ń jẹ́ kó rọ̀ lórí ahọ́n bí ẹni lá epo, òun náà ló sì ń fún un ní ìtasánsán kan tó ń ta lẹ́nu níparí. Ẹ̀yìn ìgò máa ń pè é ní «spice». Ìyèré ni èmi ń pè é.

Wọ́n tún ní grain, tó fúyẹ́, tí wọ́n sábà máa ń fi àgbàdo tàbí àlìkámà ṣe nínú ẹ̀rọ gogoro tó ń ṣiṣẹ́ láìdúró. Bí wọ́n bá da grain lu pot still tàbí lu malt, ó di blend. Jameson tí Bàbá Rísì ń bu ginger lù, blend ni, pot still àti grain. Ginger ò ṣe é ní nǹkan kan, kí ẹ̀rù má bà yín, Bàbá.

Bó bá ń jáde nínú ìkòkò, ó mọ́ gaara ni, o ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ògógóró nínú ìgò. Àgbá ló ń fún un ní àwọ̀, àgbá náà ló sì ń fún un ní èyí tó pọ̀ jù nínú òórùn rẹ̀. Òfin ní kó gbó nínú àgbá igi fún ọdún 3 ó kéré tán, lórí erékùṣù Írẹ́lándì, ìbáà ṣe Gúúsù tàbí Àríwá, kí agbára rẹ̀ nínú ìgò má sì wálẹ̀ ju 40 nínú 100. Àgbá tó ti gba wisikí bourbon rí l'Amẹ́ríkà máa ń fún un ní fánílà, tòfí, nígbà mìíràn àgbọn. Àgbá tó ti gba wáìnì sherry láti Sípéènì ló ń mú èso gbígbẹ àti kéèkì wá. Ìwọ ní Redbreast tó gba inú méjèèjì kọjá. 12 tó wà lára rẹ̀ ni ọjọ́ orí àbíkẹ́yìn inú ìgò náà. Èyí tó dàgbà jù ú lọ lè wà níbẹ̀, èyí tó kéré sí i kò gbọ́dọ̀ sí. Lọ́dọọdún ni nǹkan bí 2 nínú 100 ohun tó wà nínú àgbá ń fẹ́ lọ sójú ọ̀run. Wọ́n ní ìpín àwọn áńgẹ́lì ni. Ilẹ̀ ni màmá àgbà tèmi ń fún, tiwọn ń gòkè.

Ó wá ku ẹnu. Fọ ife kan tí ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ fún. Ife wáìnì kékeré náà dára. Bu ìwọ̀n ìka kan sí i. Má tíì mu ún. Gbé e wá síwájú àgbọ̀n rẹ, ya ẹnu díẹ̀, kó o wá máa mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bó o bá ti imú bọ inú ife bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ kànga, yóò ta ọ́ nímú, o ò sì ní gbọ́ òórùn kankan mọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbé e kúrò, tún gbé e wá. Ní ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ẹnu àkọ́kọ́, má fojú sọ́nà fún ohunkóhun, iná tó o mọ̀ yẹn náà ni. Ahọ́n ló ń jí. Ẹnu kejì, jẹ́ kó kéré, jẹ́ kó jókòó lórí ahọ́n, yí i ká inú ẹnu bí ẹni ń rún obì, ka ẹ̀ẹ́wàá, kó o tó gbé e mì. Wá pa ẹnu dé, kó o mí jáde nímú. Ohun tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn, kíyè sí i: ṣé ó ti lọ ni, àbí ó ṣì jókòó? Redbreast máa ń jókòó. Lẹ́yìn náà fi ṣíbí tíì kán omi bíi mélòó kan sí i, tún un gbọ́. Omi kì í ṣe ìtìjú, àwọn tó ń pò ó gan-an máa ń bomi lù ú kí wọ́n tó tọ́ ọ wò. Yìnyín lèmi ò fẹ́ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ó ń mú ahọ́n kú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo kórìíra lẹ́yìn káńtà: «smooth». Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́, kò sọ nǹkan kan. Omi náà «smooth». Má sì jẹ́ kí ẹ̀yìn ìgò já ọ láyà. Wọ́n á kọ marzipan, wọ́n á kọ heather. Mi ò rí heather rí títí mo fi dé Wicklow. Ìwé pélébé kan wà tí mo máa ń kọ tèmi sí. Green Spot: àpù tútù, àti òórùn iṣu nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ ẹ. Powers: oyin, ata ilẹ̀. Bushmills 10: bíṣíkíìtì tí wọ́n fi sínú tíì. Redbreast 12: kéèkì Kérésì, ìyèré níparí. Connemara: ẹja tí wọ́n ń yan létí òkun l'Ayétòrò. Kò sí òyìnbó tó máa yé. Kò sì sóhun tó kàn wọ́n nínú rẹ̀, èmi ni mò ń mu ún.

Má ra ìgò. Mú ọ̀rẹ́ kan lọ sí pọ́ọ̀bù tí ìgò pọ̀ lẹ́yìn káńtà rẹ̀, lọ́jọ́ Tuesday tí èrò ò sí. Ní kí wọ́n bu Jameson kan, Bushmills 10 kan, Green Spot kan. Òṣùwọ̀n Gúúsù níbí jẹ́ 35.5 mílílítà, ó tó èèyàn méjì láti tọ́ wò. Tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó o máa lọ kó o máa bọ̀. Ọtí kan ṣoṣo ò lè kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́, ó nílò aládùúgbò.

Tóyìn, Belfast

Àńtí Àdùnní, ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ ẹja yíyan yẹn mú mi rántí ilé.

Bàbá Rísì, ẹ má bínú, Àríwá tí Bushmills wà ni mò ń gbé báyìí, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un ṣe. Ní 1608, Ọba James Kìíní fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sir Thomas Phillips láṣẹ láti máa pọn ọtí ní agbègbè yẹn. Àṣẹ fún agbègbè ni. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Old Bushmills, 1784 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó fi ọdún tí wọ́n tẹ ìlú dó kọ ọjọ́ ìbí ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọjọ́ orí ilé ìpọntí kò kan ọjọ́ orí ọtí. Ọtí kì í dàgbà nínú ìgò.

Kọ́lá, wọn á tún máa sọ fún ẹ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń sè é ní Írẹ́lándì, ẹ̀ẹ̀mejì ní Skọ́tlándì, pé ti Írẹ́lándì kì í ní èéfín. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òfin. Connemara tí Àńtí dárúkọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni, èéfín peat ló sì ń rùn, ìyẹn ilẹ̀ irà tí wọ́n gé, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n ń fi dáná bí igi.

Kí wọ́n má sì tún fi lẹ́tà «e» inú whiskey bá ẹ jà. Írẹ́lándì máa ń fi sí i, Skọ́tlándì kì í fi sí i. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, inú èdè Írẹ́lándì ló ti jáde, uisce beatha, «omi ìyè». Mo sọ èyí fún pásítọ̀ wa, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́.

Bàbá Rísì, Peckham

Tóyìn, o ti fi ọwọ́ gba ìgò mi lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Bó bá dára tó bí ẹ ṣe ń sọ yìí, kí ló dé tó fi jẹ́ pé Scotch ni gbogbo olówó Èkó ń gbé sórí tábìlì? Mi ò rí pot still yín lóde ìnáwó kankan.

Àdùnní Ọmọ Ìlàjẹ

Bàbá, ìbéèrè gidi lẹ bi yẹn. Wọ́n ti ṣíwájú rí o. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wisikí Dublin ló ń gba ipò kìíní. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé agbowó-orí tún dé. Aeneas Coffey, tó ti ṣe ọ̀gá agbowó-orí ọtí ní Írẹ́lándì rí, ló gba ìwé-àṣẹ lórí ẹ̀rọ gogoro yẹn ní 1830. Ẹ̀rọ náà ń sè láìdúró, ó ń dín owó kù. Àwọn ọ̀gá Dublin wò ó, wọ́n ní ọtí tó ń jáde níbẹ̀ kò ní adùn. Skọ́tlándì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n ń fi ṣe blend, wọ́n kó o kiri ayé. Èmi ò lè dá àwọn ará Dublin lẹ́bi. Ahọ́n wọn sọ òótọ́ fún wọn, ọjà ni kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ogun òmìnira wọn, ìjà ọjà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà sì tún fòfin de ọtí láti 1920 di 1933. Ilé ìpọntí ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1966 àwọn ilé iṣẹ́ Jameson, Powers àti ti Cork para pọ̀ kí wọ́n má bàa kú tán. Jameson kúrò ní Bow Street ní Dublin ní 1971, gbogbo rẹ̀ kó lọ sí Midleton ní Cork, nínú ilé tuntun tí wọ́n ṣí ní 1975. Láàárín ìgbà yẹn, ibi méjì péré ló ṣẹ́ kù tí wọ́n ti ń pọn ọ́n lórí erékùṣù yìí: Midleton àti Bushmills.

Ìdí rèé, Kọ́lá, tó fi jẹ́ pé Redbreast, Powers, Green Spot àti Jameson, Midleton kan náà ni ìyá tó bí gbogbo wọn. Ó máa ń ya àwọn oníbàárà lẹ́nu, wọ́n á ti bá ara wọn jiyàn lórí Powers àti Jameson láti aago méje.

Ó ti yí padà báyìí, ilé ìpọntí ti lé ní ogójì. Teeling ṣí ní Liberties ní 2015, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ilé ìpọntí tuntun ti ṣí kẹ́yìn ní Dublin. Pearse Lyons tẹ̀ lé e, inú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ St James ni wọ́n gbé ìkòkò bàbà tiwọn sí. Mo ti wọ ibẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n kúnlẹ̀ ni àbí kí n bèèrè ife.

Bàbá, ẹ sì ní láti 1994 ẹnì kan ò tíì kú. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àdúgbò mi kún un. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà 1875, iná sọ ní ilé tí wọ́n ń kó àgbá wisikí pa mọ́ sí ní Liberties. Àgbá ń bẹ́, wisikí ń ṣàn lójú títì pẹ̀lú iná lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn sáré jáde, wọ́n ń fi fìlà bù ú, wọ́n ń fi bàtà bù ú. Wọn ò fẹ́ da omi sí i, kí omi má bàa gbé ọtí tó ń jó náà káàkiri. Ìgbẹ́ ẹran ni ọ̀gá panápaná ní kí wọ́n kó wá dí ojú títì. Èèyàn 13 ló kú. Kò sí ọ̀kan tí iná pa nínú wọn, ọtí ló pa gbogbo wọn.

Kọ́lá Drogheda

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ṣe é bí ẹ ṣe wí. Èmi àti ọmọ ìyá mi kan láti Ọ̀yọ́ lọ sí pọ́ọ̀bù ní Tuesday. Ẹni tó wà ní káńtà ní kò sí Green Spot, ó bu Powers. Ó bi wá bóyá iṣẹ́ ìwé la ń ṣe, nítorí a gbé bírò jáde.

Jameson: ó kọ́kọ́ dùn, ó sì sá lọ. Bushmills: oyin, mi ò gbọ́ bíṣíkíìtì. Powers ló jà mí lólè ahọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ní ata ilẹ̀, mo ní rárá, ó dà bí ìgbà tí mo fi ẹnu tú ataare. A jiyàn títí oníbáà fi dá sí i. Mo wá délé, mo bu Redbreast díẹ̀, láìsí Coke, mo jókòó sínú ilé ìdáná nìkan. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo gbé e simú ni mo gbọ́ àádùn, àádùn tí ìyá mi máa ń rà ní Mọ́kọ́lá, ti epo àti àgbàdo yíyan. Mo rò pé mo ti yó ni. Mo tún gbé e wá, ó tún wà níbẹ̀. Omi díẹ̀ wọ̀ ọ́, àádùn lọ, ọsàn ló jáde.

Ìbéèrè tó kù: ṣé ọtí tí mo ti ṣí yìí ò ní bàjẹ́ títí bàbá yóò fi dé? Kí ni mo lè sè fún un tí kò ní pa adùn rẹ̀? Kí ni wọ́n máa ń sọ bí wọ́n bá fẹ́ kan ife?

Àdùnní Ọmọ Ìlàjẹ

Àádùn! Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi, orúkọ rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kò ní bàjẹ́. Dé e dáadáa, gbé e nàró, má tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ìgò wáìnì, nítorí ọtí líle máa ń jẹ ìdérí. Gbé e síbi tí oòrùn ò dé. Ìgò tó kọjá ìdajì lè wà fún oṣù púpọ̀. Ìgbà tó bá ku ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni kó o tètè wá ẹni bá ọ parí rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ìgò á ti pọ̀ jù ọtí lọ.

Oúnjẹ, sè ohun tó o mọ̀ ọ́n sè, má torí òyìnbó sọ ọbẹ̀ di omi. Ṣùgbọ́n ata rodo àti wisikí kì í jókòó pọ̀ lórí ahọ́n kan. Ẹ jẹun tán, ẹ mu omi, ẹ jẹ́ kó tó ìdajì wákàtí, kó o tó gbé ìgò jáde. Jẹ́ kí òun bu ú. Ó fún ọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kó bu ú. Ife méjì tó. Lẹ́yìn ìyẹn, imú ò tún mọ nǹkan kan mọ́, ẹnu ló kàn ń sọ̀rọ̀.

Sláinte ni wọ́n ń sọ. Pè é bíi «sláńṣà». Ìlera ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Kọ́lá Drogheda

Bàbá wá lánàá, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó gbé Coke nílé wá, ó gbé e kalẹ̀ síwájú mi láìsọ̀rọ̀, ó jókòó. Mo gbé Coke lọ fún ọmọ mi.

A jẹun tán, ó bu ú. Mo ṣe bí ẹ ṣe kọ́ mi, imú, ẹnu, imú. Ó ń wò mí. Ó bi mí pé kí ni mo gbọ́. Mi ò lè sọ àádùn fún un, mo sọ pé níparí, ó ń ta bí ìyèré. Ó ní kí ni ìyèré. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo bu díẹ̀ wá nínú àwo. Ó fi ọwọ́ fọ́ ọ̀kan, ó gbé e simú, ó gbé wisikí simú, ó tún gbé ìyèré simú. Kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ó wá pe ìyàwó rẹ̀ kó wá gbóòórùn òun náà.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó di èyí tó kù nínú àwo sínú tíṣù, ó fi sínú àpò kóòtù rẹ̀.